Afẹ́fẹ́ Inú Páìpù Àdàbà

4.

…nítorí náà ni Màámi ṣe dáhùn pé òun ò ní kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi bí Àdàbà fúnra rẹ̀ bá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Wọ́n ní mọ́tò kì í sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

(Abala kìíní dé ẹ̀kẹta wà lórí ìwé tí òróró dà sí. Ohun tí a rí kà níbẹ̀ kò ju wọ̀nyí lọ: *orúnkún. Òsì. Ẹ jẹ́ ká tà á.* Àti ọ̀rọ̀ kan tó lè jẹ́ "àgbà", tó sì lè jẹ́ "àgbàyà". A ò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.)

5.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

MÀÁMI. Ó ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Àwọn ọmọ ìjọ ń pè é ní Màámi Áltò. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu nǹkan mìíràn.

NỌ́Ọ̀SÌ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ìwà rẹ̀ náà sì nìyẹn: bí o bá sín lẹ́ẹ̀kan, ó ti wo ojú ọ̀fun rẹ.

PÚLỌ́ŃBÀ. Ọkọ Nọ́ọ̀sì. Páìpù ilé ló ń tún ṣe. Ọmọlúàbí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlẹ̀kùn tó bá kọlù.

ÀDÀBÀ. Mọ́tò Màámi. Àwọ̀ eérú. Ó ti dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ sì yọ róbótó bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì.

6.

Kílọ́ọ̀ṣì Àdàbà, wáyà ló ń fà á. Awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dà, wáyà a fà, irin kan a sún, ẹ́ńjìnnì àti gíà a fi ara wọn sílẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ a sì ráyè yí gíà. Ohun tí ìwé wí nìyẹn. Orúnkún Màámi ní tiẹ̀ kò ka ìwé kankan. Ó ní àgbá omi ni wọ́n ní kí òun máa tì gòkè láàárọ̀ lálẹ́.

Màámi ń fara dà á. Kò sọ fún ẹ̀dá kan. Àfi lọ́jọ́ ìgbáradì orin kan, tí iná ojú pópó dá a dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, tí àwọn àgbà obìnrin mẹ́ta tó ń kọ ohùn òkè sì jókòó sínú mọ́tò. Ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pẹ́dà bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú. Àdàbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, títí ó fi lọ fi ẹ̀yìn kan ọkọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fara pa. Búrẹ́dì kan ò já bọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn òkè ké orin kan lọ́jọ́ náà tí ọ̀gá akọrin kò kọ́ wọn rí.

Ọ̀kan nínú wọn ló lọ fẹjọ́ sùn.

7.

FÓÒNÙ. ẸGBẸ́ TÍ WỌ́N PÈ NÍ "ILÉ WA".

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ káàárọ̀ mà. Mo gbọ́ nípa búrẹ́dì.

MÀÁMI: Búrẹ́dì wo?

NỌ́Ọ̀SÌ: Màámi.

MÀÁMI: Ohùn òkè wo nínú wọn ló sọ fún ẹ?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Á wá wò ó ní Sátidé. Èmi á máa gbé yín lọ síbi tí ẹ bá fẹ́.

MÀÁMI: Ìgbà tí o bá ráyè.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìgbà tí mo bá ráyè, bẹ́ẹ̀ ni mà.

MÀÁMI: Ìwọ tí mo máa ń rí bí ẹni rí oṣù lé.

*(Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó tún ń kọ. Ó dúró.)*

PÚLỌ́ŃBÀ: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú mà. Mo ní àbá kan mà.

8.

Kí ni mọ́tò já mọ́ fún un?

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan péré. Ó gbé bàbá alága ìjọ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì dúró dè é. Ó kó ìwé orin lọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó lọ jókòó ti obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn bá a ká aṣọ. Ó gbé àwọn ohùn òkè lọ, ó gbé wọn bọ̀, ó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ, ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ wọn bọ̀.

Ó mọ irú ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé, "Ǹjẹ́ wàá ráyè gbé mi?" Ohùn náà máa ń rẹlẹ̀ ní ìparí. Etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ rí.

9.

Nínú ilé ìdáná Màámi. Fóònù Púlọ́ńbà ló gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀; bí ó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, kí ó má baà gbàgbé ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

PÚLỌ́ŃBÀ: Ohun tí wọ́n ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì olómi ni, mà.

MÀÁMI: Omi wo?

PÚLỌ́ŃBÀ: Kì í ṣe omi gidi, mà. Òróró bíréèkì ni. Ẹ tẹ pẹ́dà, pọ́ǹpù kékeré kan lókè á ti òróró. Òróró á gba inú páìpù lọ ti pọ́ǹpù kejì nísàlẹ̀. Tìsàlẹ̀ á ti irin. A ò nílò wáyà mọ́. Ẹsẹ̀ yín ò ní mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́.

MÀÁMI: O ti ṣe é rí?

PÚLỌ́ŃBÀ: Mo ti de páìpù tó pọ̀, mà.

MÀÁMI: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ ni Àdàbà.

PÚLỌ́ŃBÀ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, mà.

MÀÁMI: Mi ò bínú. Àyè wo ni òróró máa gbà dé ibẹ̀? Fi hàn mí. Ya á sẹ́yìn ìwé yìí.

*(Ohùn bírò lórí ìwé. Ó pẹ́.)*

MÀÁMI: Háà. Bí èémí ni.

10.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹni yẹn tó dé ní Sátidé, èmi àti Màámi á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Màámi á dúró lórí rẹ̀, wọ́n á tún gbéra. Bí Àdàbà bá fà sẹ́yìn, kódà kó jẹ́ ìbú ìka kan, kọ́kọ́rọ́ di tèmi.

MÀÁMI: Bí kò bá fà sẹ́yìn ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò ní dárúkọ búrẹ́dì mọ́ láéláé.

MÀÁMI: Mo gbà bẹ́ẹ̀.

11.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ PÁÁLÍ KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ OLÓMI TÍ WỌ́N RÀ, bí ìwé inú rẹ̀ ti kọ ọ́; pẹ̀lú ohun tí Màámi fi pẹ́ńsùlù kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

pọ́ǹpù òkè àti agolo òróró rẹ̀ . . . . . . *ó jọ ìgò oògùn ikọ́*

pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ . . . . . . *àbúrò rẹ̀*

páìpù bàbà . . . . . . *ó dán ju ẹ̀gbà ọrùn mi lọ*

rọ́bà tó nípọn . . . . . . *ìfun*

irin pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé pọ́ǹpù dúró . . . . . . *kò bá ihò kankan mu*

nọ́ọ̀tì oríṣiríṣi . . . . . . *ọ̀kan ti sọnù. Ọkọ ọmọ mi ní òun kọ́. Èmi náà kọ́*

ìwé ìtọ́ni . . . . . . *èdè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé ni wọ́n fi kọ ọ́*

12.

Lẹ́nu géètì, lórí pátákó páálí:

ÀKÍYÈSÍ

MỌ́TÒ WÀ LÓRÍ IRIN.
Ẹ MÁ FARA TÌ Í.
Ẹ MÁ WỌ INÚ RẸ̀.
Ẹ MÁ BÁ ẸNI TÓ WÀ LÁBẸ́ RẸ̀ JIYÀN.

Nísàlẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù: *Ẹ lè gbàdúrà fún un.*

13.

(A ò rí abala yìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọ́n fi nu ọwọ́.)

14.

Wọ́n yọ wáyà. Ó jáde gbọọrọ, ó ti pọ́n fún ìpẹtà, ó sì ti ya yánnayànna ní àárín. Màámi gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó. Èyí ni nǹkan tó ti ń bá a jà látọjọ́ yìí. Kò nípọn ju okùn bàtà lọ.

Púlọ́ńbà lu ihò sí ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Kí ó tó lù ú, ó ní, "Àdàbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Màámi rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó wo ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà.

Pọ́ǹpù òkè wọlé sí àyè rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí kò bá ihò mu, wọ́n fi ayùn irin gé e títí ó fi bá a mu. Páìpù bàbà yí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ká bọ́ sísàlẹ̀. Pọ́ǹpù kejì jókòó síbi tí wáyà ń fà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ní ihò nínú wà lórí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Wọ́n fi rọ́bà tó mọ́ gaara sí i lẹ́nu, wọ́n ti ẹnu kejì rọ́bà náà bọ inú ìgò.

Wọ́n da òróró sínú agolo. Màámi wọlé, ó tẹ pẹ́dà.

Pẹ́dà lọ sílẹ̀. Kò padà. Ó kàn sùn sílẹ̀ níbẹ̀ bí ajá tí oòrùn pa.

15.

Afẹ́fẹ́ ni. Kò ju afẹ́fẹ́ lọ.

16.

Bí Púlọ́ńbà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Òróró kì í sún kì. Bí o bá tì í níbí, ó dé ọ̀hún. Afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀ ń sún kì: bí o bá tì í, á fún pọ̀, á ká ara jọ, kò ní jíṣẹ́ tí o rán an. Bí ó ti wù kó kéré tó nínú páìpù, pẹ́dà á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀.

Màámi ronú sí i. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ẹnì kan péré bá mí síbi tí kò yẹ kó mí, gbogbo ìlà orin a rọ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Púlọ́ńbà.

Púlọ́ńbà ní, "Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, mà. Ẹ̀yin ló mọ̀ ọ́n sọ, mà."

17.

OHÙN TÍ A GBÀ SÓRÍ FÓÒNÙ, Ẹ̀KÍNNÍ. *(Púlọ́ńbà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ mọ́tò. Ọ̀rẹ́ náà kò fèsì.)*

PÚLỌ́ŃBÀ *(lábẹ́ mọ́tò)*: Màámi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mà.

MÀÁMI *(lórí àga awakọ̀)*: Mo ti tẹ̀ ẹ́.

PÚLỌ́ŃBÀ: Ó ti kanlẹ̀, mà?

MÀÁMI: Ó ti kanlẹ̀.

*(Sípánà ń wá nọ́ọ̀tì. Púlọ́ńbà ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.)*

PÚLỌ́ŃBÀ: Ẹ jọ̀wọ́…

*(Nọ́ọ̀tì tú. Nǹkan dún: ṣììì. Nọ́ọ̀tì dì.)*

PÚLỌ́ŃBÀ: Ó ti tán, mà. Báwo ló ṣe rí?

MÀÁMI: Ó rọ̀ bí ìrọ̀rí.

PÚLỌ́ŃBÀ: Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, mà.

*(Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ìgò kan òróró tán. Wọ́n ṣí òmíràn.)*

MÀÁMI: Ṣé kì í ṣe pé ó ń jò?

PÚLỌ́ŃBÀ: Páìpù tí mo bá dè kì í jò, mà. Ẹ má bínú, mà.

18.

ÀWỌN TÍ WỌ́N FURA SÍ

— rọ́bà. *Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òun.*

— ojú ibi tí páìpù ti pàdé pọ́ǹpù. *Wọ́n fi ọṣẹ pa á lára, wọ́n wò ó bóyá á hó. Kò hó.*

— òróró. *Wọ́n ra tuntun. Kì í ṣe òun.*

— ẹni tó ta páálí náà. *Kò gbé fóònù.*

— ọ̀tá. *Màámi ló kọ èyí, òun náà ló sì fagi lé e.*

— Púlọ́ńbà. *Púlọ́ńbà ló kọ èyí.*

19.

Láti abẹ́ mọ́tò, Púlọ́ńbà ò lè rí ojú Màámi. Ìsàlẹ̀ pákó irin ló ń wò, àti ìdọ̀tí tó ti gbẹ mọ́ ọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òróró ń kán sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ti dé.

Ó ti fẹ́ ọmọ obìnrin yìí fún ọdún púpọ̀, ìyá rẹ̀ kò sì hùwà burúkú sí i rí. Ṣùgbọ́n "ọkọ ọmọ mi" ló máa ń pè é. Ẹni tó ń gbé ọ̀rẹ́, tó ń gbé aládùúgbò, tó ń gbé àjèjì, kò tíì sọ fún un rí pé kó bá òun gbé nǹkan. Èyí ni àkọ́kọ́.

Ó tún gbé sípánà.

20.

ÀDÚRÀ MÀÁMI, lórí àga awakọ̀, ojú ṣíṣí:

Olúwa, Ìwọ tí O mí èémí sínú ẹ̀dá amọ̀ tó fi dìde rìn, mo dúpẹ́. Èyí tó wà nínú páìpù yìí kì í ṣe irú rẹ̀. Bá wa yọ ọ́. Bí kò bá sì jẹ́ ìfẹ́ Rẹ kí n máa wakọ̀ mọ́, kọ́ mi ní ohùn tí wọ́n fi ń sọ pé kí wọ́n wá gbé mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àmín.

21.

Lẹ́yìn àmín, ó ní, "Dìde níbẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

"Kí ni ẹ fẹ́ rí, mà?"

"Afẹ́fẹ́ ọ̀hún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tẹ́ ẹní yẹn dáadáa."

"Màámi, ilẹ̀ ni o! Ẹ jọ̀wọ́, mà. Bí ìyàwó mi bá gbọ́…"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni, àbí òun ló bí mi?"

Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó sì fi ìdí sún wọ abẹ́ Àdàbà, gèlè lórí, sípánà lọ́wọ́. Lábẹ́ níbẹ̀, ó tutù, ó sì ń run òróró. Ó rí rọ́bà tó mọ́ gaara. Ó rí ìgò. Ó rí àyà mọ́tò tó ti ń gbé e kiri látọjọ́ yìí, tí kò tíì wò rí.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

A ò mọ ẹni tó ń kí.

22.

OHÙN TÍ A GBÀ SÓRÍ FÓÒNÙ, Ẹ̀KEJÌ.

MÀÁMI *(lábẹ́ mọ́tò)*: Ó yá, tẹ̀ ẹ́.

PÚLỌ́ŃBÀ *(lórí àga awakọ̀)*: Mo ti tẹ̀ ẹ́, mà.

MÀÁMI: Dúró bẹ́ẹ̀. Mo ń tú u. Yéè! Ó ń jáde! Wò ó bó ṣe ń tò jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago fún!

PÚLỌ́ŃBÀ: Kí ló ń jáde, mà?

MÀÁMI: Afẹ́fẹ́ mà ni! Mo ti dè é. Gbé ẹsẹ̀. Tún tẹ̀ ẹ́.

PÚLỌ́ŃBÀ: Mo ti tẹ̀ ẹ́, mà.

MÀÁMI: Dúró. Ó tún ń jáde. Mo ti dè é. Gbé ẹsẹ̀.

*(Báyìí, báyìí, lọ títí.)*

MÀÁMI: Kò sí mọ́. Òróró lásán ló ń bọ̀.

PÚLỌ́ŃBÀ: Màámi. Pẹ́dà ti le.

MÀÁMI: Kí lo ṣe sí i?

PÚLỌ́ŃBÀ: Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ṣe?

MÀÁMI: Ohun tí ò ń ṣe náà ni.

*(Màámi gbé sípánà sílẹ̀.)*

MÀÁMI: Wá fà mí jáde.

*(Ìlẹ̀kùn mọ́tò ṣí.)*

PÚLỌ́ŃBÀ: Màámi… ẹsẹ̀ yín ni kí n fà?

MÀÁMI: Kí lo fẹ́ fà, ẹ́ńjìnnì?

23.

Kò lè fà á. Kó dá yín lójú o, apá rẹ̀ ń gbé àgbá omi. Ṣùgbọ́n kí ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì? Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

FÓÒNÙ. "ILÉ WA".

PÚLỌ́ŃBÀ: Màámi wà lábẹ́ mọ́tò. Ẹ má bínú.

*(Ìpè tó wọlé láti ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì: kò gbé e. Ó ní òróró wà lọ́wọ́ òun.)*

*(Ìpè tó wọlé.)*

*(Ìpè tó wọlé.)*

PÚLỌ́ŃBÀ: Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Wọ́n kàn ń kọrin níbẹ̀ ni.

24.

Nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn àti bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ó ń kọ ohùn kejì orin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohùn kìíní rẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Òun ló fa ẹní jáde pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ti rò ó pé ẹní ṣeé fà.

Ó bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ìdì táyà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn méjèèjì tí wọ́n gbà sílẹ̀, nítorí pé nǹkan tó ṣe aláìsàn láǹfààní láìnídìí tún lè ṣe é níbi láìnídìí.

Wọ́n gbọ́ èkíní. Wọ́n gbọ́ èkejì. Wọ́n dá èkíní padà.

25.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ dá a dúró níbẹ̀. Màámi, ìgbà wo lẹ gbé ẹsẹ̀?

MÀÁMI: Ìgbà tó ní kí n gbé e.

PÚLỌ́ŃBÀ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà.

MÀÁMI: O sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà lo sọ ọ́. O ní, "Ẹ jọ̀wọ́."

PÚLỌ́ŃBÀ: Mo ní ẹ jọ̀wọ́, mà.

MÀÁMI: Mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

*(Ẹyẹ kan ń ké lókè òrùlé.)*

26.

ẹ jọ̀wọ́ = mo bẹ̀ yín

ẹ jọ̀wọ́ = ẹ jù ú sílẹ̀

Ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì. Màámi kọ wọ́n lórin kó lè dá a lójú. Èkíní: re, dò, mí. Èkejì: re, dò, mí. Kò sí ìyàtọ̀ ìdajì ohùn láàrin wọn.

Lábẹ́ mọ́tò, ẹnì kan ń bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù, kó má tíì gbé ẹsẹ̀, nítorí pé kò lè ké sí i pé "Dúró!" bí ẹni ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú mọ́tò, ẹnì kan tó fi Bíbélì kọ́ ìwé kíkà, tó mọ ohun tí à ń pè ní kí ènìyàn jọ̀wọ́ ẹ̀mí, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń jọ̀wọ́ pẹ́dà. Nọ́ọ̀tì wà ní ṣíṣí. Pẹ́dà ń gòkè. Páìpù ń fa afẹ́fẹ́ mu.

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ni," ni Màámi wí.

"Ẹ̀kọ́ ilé ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó sì dojú dé orúnkún ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Púlọ́ńbà kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí òróró. "Màámi, ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi," ni Màámi wí. "Ìyá tó bí ẹ kọ́ ẹ dáadáa. Ó kù díẹ̀ kó ba mọ́tò mi jẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ ẹ dáadáa."

Ó dìde. Ó lọ fọ ọwọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọwọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí lọ.

27.

Sátidé, lówùúrọ̀. Wọ́n ti sọ Àdàbà kalẹ̀ kúrò lórí irin. Màámi jókòó, ó tẹ pẹ́dà.

Kò sí àgbá omi. Kò sí nǹkan kan. Ó dà bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹ etí ìbùsùn nígbà tí ó ń wá bàtà rẹ̀. Orúnkún ò sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní "Ògo ni fún Ọlọ́run," ó yí gíà, ó gbé ẹsẹ̀.

Àdàbà fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì kú.

Ó tún ṣáná sí i. Ó tún gbé ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó tún kú.

Èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Níbì kan láàrin ilẹ̀ àti òkè, pẹ́dà ní ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti máa ń gbá ara wọn mú. Gbogbo awakọ̀ ló mọ ibẹ̀ nínú mọ́tò tiẹ̀. Bí Màámi ṣe mọ tiẹ̀ ni pé ibẹ̀ ló ti máa ń dùn ún jù. Bí ìrora bá gun orúnkún dé téńté, á mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì jẹ́ kí mọ́tò máa lọ.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tó máa ń dùn ún.

Kò rí i.

28.

Ó ń wá a nínú ọgbà. Iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn. Ó bọ́ bàtà kúrò, bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ á gbọ́ ọ. Ó pa ojú dé. Ó ní kí Púlọ́ńbà dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Púlọ́ńbà kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Kò mọ bí ó ṣe ṣe é.

FÓÒNÙ NỌ́Ọ̀SÌ: *Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo fẹ́ wá wo mọ́tò. Mo ti ń bọ̀ lọ́nà.*

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀ láti ẹnu ìlẹ̀kùn. Ó ní, "A lè sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màámi."

"Wọlé," ni Màámi wí. "Dì bẹ́líìtì rẹ."

29.

NÍNÚ MỌ́TÒ, LÓRÍ GẸ̀RẸ́GẸ̀RẸ́ Ẹ̀YÌN ILÉ ÌFÌWÉRÁNṢẸ́. *Nọ́ọ̀sì ló sọ èyí fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní bí ó ṣe rí gan-an nìyí. Màámi ní ọ̀rọ̀ òun kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.*

NỌ́Ọ̀SÌ: Iná ti pọ́n. Ẹ rọra.

MÀÁMI: Mo rí i.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọkọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn wa o.

MÀÁMI: Búrẹ́dì ló kó?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mi ò dárúkọ búrẹ́dì.

MÀÁMI: O ṣeun.

*(Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Bíréèkì ọwọ́ wà ní fífà.)*

NỌ́Ọ̀SÌ: Màámi, ṣé ó máa ń dùn yín tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

MÀÁMI: Lójoojúmọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì.

MÀÁMI: O ò bá ti gba kọ́kọ́rọ́.

NỌ́Ọ̀SÌ: …Mi ò bá ti gbà á.

*(Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, lábẹ́ imú.)*

NỌ́Ọ̀SÌ: Báwo wá lẹ ṣe fẹ́ mọ ibẹ̀?

MÀÁMI: Mi ò tíì mọ̀. Dákẹ́ kí n gbọ́.

30.

Iná di àwọ̀ ewé.

31.

Ó sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀.

32.

Ẹsẹ̀ òsì ń gòkè bọ̀. Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì kúrò lórí itan ara rẹ̀, ó dúró ní òfuurufú láàrin àga méjèèjì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan

33.

Àdàbà kò lọ síwájú. Kò fà sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì àti gíà ti gbá ara wọn mú; imú rẹ̀ kàn gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀